Ajá Tó Ń Sá fún Orúkọ Ara Rẹ̀

Èmi ni mo sọ ajá náà lórúkọ, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn fi tiwọn kún un lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n mi ò ní tìtorí ìyẹn yọ ara mi kúrò.

Ọdún 2000 ni mo dé Abidjan. Mo wọ̀ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Niangon, mo sì ń kọ́ iṣẹ́ àga tìmùtìmù lẹ́bàá títì, ní ibi tí kò jìnnà sílé rárá. Màmá ni mo ń pè é. Opó ni, kò bímọ, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ó ń ta ìṣó, àgádágodo àti wáyà ní ọjà ńlá Treichville. Ọkùnrin ló pọ̀ nídìí òwò yẹn, Màmá sì ti bá wọn pariwo títí ohùn rẹ̀ fi di ohùn ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò.

Ìlẹ̀kùn mẹ́fà ló wà ní àgbàlá tí a ń gbé, gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kan náà. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàárín, táńkì omi ńlá kan sì wà ní igun, tí wọ́n gbé ka orí búlọ́ọ̀kù. Nínú ìlẹ̀kùn mẹ́fà yìí, méjì péré ló gbọ́ Yorùbá: tiwa, àti ti bàbá tó wà ní ọ̀ọ́kán wa gan-an. Tísà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Porto-Novo ni. Bàbá tirẹ̀ ṣe akọ̀wé ìjọba nígbà àwọn òyìnbó, iṣẹ́ ló gbé e wá síhìn-ín, kò sì padà sílé mọ́. Gbogbo àgbàlá ń pe tísà yìí ní Maître, ìyẹn tísà lédè Faransé. Yorùbá tó ń sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kì í gbọ́ níbẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ti lọ̀, yóò gbé àga sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì máa ka ìwé ìròyìn. Mi ò rí i rí kí bọ́tìnì rẹ̀ kan wà ní ṣíṣí.

Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni n ó máa lò fún àwọn àgbà méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ má bàa lọ́ pọ̀ mọ́ra. Lẹ́nu, mi ò tó bẹ́ẹ̀.

Okùn ìsáṣọ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Màmá ta okùn kan láti ara ògiri wa lọ sí ara òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn Maître, ó sì gba ẹ̀yìn táńkì kọjá. Ní gbogbo ìgbà tí Maître bá fẹ́ jáde, aṣọ tútù ni yóò gbá a lójú. Ó sọ fún Màmá. Màmá ní òun yóò ṣí i kúrò, kò ṣí i. Ó tún sọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, Maître mú ọ̀bẹ jáde, ó gé okùn náà, ó ká a, ó gbé e wọlé, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Léèsì funfun kan wà lórí okùn náà lọ́jọ́ yẹn, èyí tí ọkọ Màmá rà fún un ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ló já sí.

Màmá kò fọ léèsì náà. Ó ká a tẹrẹ̀tẹrẹ̀, ó gbé e sínú àpótí rẹ̀. Ó ní ẹ̀rí ni. Mi ò bi í pé níwájú adájọ́ wo. Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn parí rẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì ló dàgbà jù lágbàlá.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, olè kó abọ́ ńlá méjì tí Màmá fi ń pọn omi. Ó ní kí n wá ajá. Ajá ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mo sì gbé ọ̀kan wá nínú páálí: akọ ni, ó pupa rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun. Màmá wò ó, ó bi mí pé kí ni a ó máa pè é. Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ sí aládùúgbò lójú, a lè fi sọ ajá lórúkọ. Ajá wa ni a ń pè, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ni yóò máa gbọ́, bó bá sì fi lè dáhùn, òun ló sọ ara rẹ̀ di ajá. Mo ronú díẹ̀, mo ní Ojú-ò-tì-wọ́n.

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Orí mi wú. Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi ń rìn káàkiri àgbàlá bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ rere.

Láràárọ̀, kí Màmá tó lọ wọ gbàkà, ọkọ̀ akérò tó ń gbé e lọ sọ́jà, yóò bu oúnjẹ ajá sínú àwo irin, yóò dúró láàárín àgbàlá, yóò kọjú sí ìlẹ̀kùn Maître, yóò fi ṣíbí lu àwo náà, yóò sì fi ohùn Treichville pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn obìnrin ẹ̀yà Baoulé tó ń pọn omi bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó fi Faransé sọ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú àlàyé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo àgbàlá ti mọ ẹni tí ojú kò tì. Maître náà ń gbọ́. Yóò ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára ni ajá. Kò sẹ́ni tó nà án rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá kò mọ̀ pé Maître ni wọ́n ń bá wí. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ariwo yẹn bá ti jáde, ẹni tó ń fún òun lóúnjẹ ti bínú, òun nìkan ni wọ́n sì ń gbé àwo síwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń tọ̀ sára. Nígbà tó fi pé ọmọ oṣù mẹ́fà, abẹ́ táńkì omi ló ń gbé, láàárín búlọ́ọ̀kù, ojú rẹ̀ nìkan la sì ń rí. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ̀rá kọjá, á gbọ̀n. Bí a bá rẹ́rìn-ín sókè, á gbọ̀n. Obìnrin ẹ̀yà Dioula tó wà lápá ọ̀tún wa kì í tilẹ̀ pe orúkọ náà. Wulu ló ń pè é, ìyẹn ajá lédè tirẹ̀, òun sì ni ajá náà kì í sá fún púpọ̀. A kò fi ìyẹn kọ́gbọ́n.

Màmá ní olóríkunkun ni, kì í jẹ́ ìpè. Nítorí náà ó fi kún ohùn rẹ̀. Èmi náà ní olóríkunkun ni.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Màmá bá ti ọjà dé, tó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè pe ẹnikẹ́ni, tó jókòó tó ń bọ́ bàtà, ajá náà yóò yọ́ jáde wá, yóò gbé àgbọ̀n lé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Màmá kì í gbé ẹsẹ̀ náà kúrò. Mo ti rí i tó jókòó bẹ́ẹ̀ títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù.

Ajá náà ti lé ní ọmọ ọdún kan nígbà tí ọkùnrin kan tó ń wo mítà omi na ọwọ́ sábẹ́ táńkì láìbéèrè. Ajá náà gé e jẹ. Ọgbẹ́ náà kò jìn, ṣùgbọ́n onílé gbọ́, ó sì wá fúnra rẹ̀. Ó ní ajá tó ń sá pamọ́ tó sì ń gé ènìyàn jẹ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, òun mọ ẹni tí yóò wá gbé e, Sátidé tó bá parí oṣù ni òun yóò mú onítọ̀hún wá. Gbogbo wa mọ ẹni tó ní lọ́kàn. Ọkùnrin náà ní ìkòkò lẹ́bàá títì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì mọ irú ẹran tó ń sè.

Lọ́jọ́ kejì Màmá kò lọ sọ́jà. Ó pè mí, ó ní, "Ìwọ lo gbé e wá. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Òun nìkan ló ń dúró dè mí nínú ilé yìí."

Èmi náà wà nínú ilé yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Agbára ni mo kọ́kọ́ lò. Mo rò pé bí ajá náà bá rí i pé kò sí ohun tó ń pa ènìyàn láàárín àgbàlá, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀. Mo so ìgbànú mọ́ ọn lọ́rùn, mo sì wọ́ ọ jáde. Igbe tó ké, àwọn ará àgbàlá kejì yọjú. Ó tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó padà sábẹ́ táńkì, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà. Obìnrin Dioula wò mí láti òkè délẹ̀. Ó sàn kó bú mi.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo sáré wálé lọ́sàn-án láti wá mú sísọ́ọ̀sì ńlá. Àgbàlá dá páropáro. Àga Maître wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí ẹ̀yìn àga, ó tẹ́ ẹ dáadáa kó má bàa rún. Maître fúnra rẹ̀ jókòó sórí sìmẹ́ńtì nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí táńkì, kò wo ibẹ̀ rárá. Okùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ta kókó sí ní ìpẹ̀kun, ó ń fà á nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí alángbá tó ń sá lọ, ó ń dúró, ó tún ń fà á. Mo kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Lẹ́yìn náà ni mo rí ajá. Ó ti jáde títí dé èjìká, etí rẹ̀ méjèèjì sì nà sókè, ohun tí mi ò rí rí.

Maître fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí n dúró síbi tí mo wà. Ajá náà fò mọ́ kókó okùn, ó deyín mọ́ ọn, ó fà á. Maître fà á padà díẹ̀, ó wá jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ajá náà gbé okùn sáré lọ sábẹ́ táńkì, ìrù rẹ̀ ń jù.

Mo ní ó mà ti gba okùn lọ́wọ́ yín. Maître ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun fẹ́. "Il a gagné, ó ti borí," ó ní. "Láti àárọ̀, ó ń pàdánù. Ibí yìí nìkan ló ti ń borí. Il faut qu'il gagne, ó gbọ́dọ̀ borí."

Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń ṣe é, lásìkò tí àwọn kan bá wà níbi iṣẹ́ tí àwọn tó kù sì ń sinmi oòrùn ọ̀sán. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo bi í níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ni òun fi gbogbo iṣẹ́ òun kọ́, ní àwọn abúlé, àwọn ọmọ tí kò tíì rí ilé ìwé rí, tí wọ́n ń tọ̀ sára bí òun bá ti wọlé. "Le premier jour, ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí alphabet," ó ní. "Eré ni. Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, là, on commence, a bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wálé lọ́sàn-án. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé inú ń run mí. Mo kó àjákù fóòmù àti àpò kòkó wá láti ìdí iṣẹ́, mo fi wọ́n rán bọ́ọ̀lù àti ohun gígùn kan tó dà bí apá ènìyàn, tí ajá lè fà láìpa eyín rẹ̀ lára. Maître kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n ṣe, bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń lu ọwọ́ mi bí mo bá ṣìṣe. Mi ò gbọdọ̀ wo ajá náà lójú. Mi ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Mi ò gbọdọ̀ ti okùn sí i, fífà ni kí n máa fà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ohun tó bá ń bọ̀ wá bá a yóò lé e sá, ohun tó bá ń sá lọ ni yóò lé. A ó sì dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì fẹ́ kí eré náà máa lọ, kó lè máa retí ọ̀la.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn yìí ló nira fún mi jù. Bí inú mi bá ti ń dùn sí nǹkan, mi ò mọ̀ ọ́n dá dúró.

Lẹ́yìn okùn, a wá kan ariwo. A da ìdérí ìgò sínú ike omi, a yí i láti òkèèrè, a sì fún un ní okùn fà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ike náà bá ti dún. Lọ́jọ́ kejì a sún un mọ́ ọn díẹ̀. A ju ṣíbí sórí àpò, lẹ́yìn náà sórí sìmẹ́ńtì. A fi orí ẹja gbígbẹ sínú páálí, a jẹ́ kó fà á ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó sì fa páálí náà ya bí ẹni tó ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó fo ẹsẹ̀ mi kọjá. Ní ọjọ́ mìíràn ó gbó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ohùn ara rẹ̀ dẹ́rù bà á, ó sì sáré padà sábẹ́ táńkì. Maître rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti yọ awò ojú rẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀, Màmá yóò jáde, yóò lu àwo, yóò pe orúkọ, gbogbo ohun tí a kọ́ lánàá yóò sì wó lulẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Maître ní kí n pe orúkọ ajá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tó ń fa okùn lọ́wọ́. Mo pè é. Okùn bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀.

"C'est le nom, orúkọ náà ni," Maître ní.

Ó ní orúkọ náà gan-an ni a ó fi bá a ṣeré báyìí, bí a ti fi ike àti ṣíbí ṣe. Nígbà tó bá ń borí, kó máa gbọ́ ọ, títí yóò fi mọ̀ pé eré ló ń bọ̀. Mo ní kí Maître náà máa pè é, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn ajá náà ti balẹ̀ jù. Maître dìde. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì de gbogbo bọ́tìnì kó tó dáhùn.

"Orúkọ yẹn, èmi ni wọ́n fi ń bú. Mi ò lè fi ẹnu ara mi bú ara mi. Ça, non."

Mi ò sọ fún un pé èmi ni mo rí orúkọ náà. Ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́. Títí di òní mi ò sọ ọ́.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí Sátidé náà pé, mo rí i pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ọjọ́ Àìkú ni, Màmá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ń tú gèlè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹni tó ń bá ajá náà ṣeré, bó ti pẹ́ tó, àti ohun tí ìpè àárọ̀ ń bà jẹ́. Ó ní ṣé èmi ni mo ń lọ bá ọ̀tá òun ṣeré lẹ́yìn òun. Mo ní ajá ni mo ń bá ṣeré. Ó fi gèlè sílẹ̀, ó sì jáde.

Maître jókòó sórí sìmẹ́ńtì, kò mọ̀ pé Màmá ti dé, ajá náà wà níwájú rẹ̀, okùn wà láàárín wọn. Màmá kò wo Maître, kò wo ajá. Okùn ló ń wò.

"Okùn mi nìyẹn," ó ní.

Maître gbìyànjú, ó dìde. "Tiyín ni, Madame. Mo pa á mọ́." Lẹ́yìn náà ó tún ní, "Léèsì yẹn, mi ò rí i. Ẹ̀yìn táńkì ló wà. Nígbà tó já sílẹ̀ ni mo rí i. Ojú tì mí, ni mo ṣe ti ìlẹ̀kùn."

Màmá yíjú padà. Ó wọlé, ó padà sídìí gèlè rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò pe orúkọ. Ó gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́bàá táńkì, ó sì lọ. Àwọn obìnrin tó wà nídìí omi wo ara wọn. Ọ̀kan bi mí pé ṣé ara Màmá kò yá ni.

Lọ́jọ́rú, ó ti ọjà dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Ó ró ìró àtijọ́ kan, ó di èjìká mi mú, ó sì fi ara balẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ó sanra, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún. Ó pẹ́ kó tó rí bí yóò ṣe kó ẹsẹ̀ sí. Ó gba okùn. Mo rí i kíákíá pé Màmá kò mọ eré ṣe. Ó ń fa okùn náà bí ìgbà tí oníbàárà bá fẹ́ gbé ọjà rẹ̀ lọ láìsanwó. Ajá náà fà, òun náà fà, kò gbà. Maître wà lórí àga rẹ̀, kò gbé ojú kúrò nínú ìwé ìròyìn.

"Lâchez, Madame," ó ní.

Màmá jọ̀wọ́ okùn. Ajá náà gbé e, ó sáré yí àgbàlá po, ó sì tún gbé e padà wá fún un. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbé nǹkan wá fún un pé kó bá òun ṣeré.

Ó wá gbìyànjú orúkọ náà. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi tó lè rọ̀ ọ́ dé. Ajá náà lẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Màmá tún pè é, ó tún pè é. Nígbà tó yá, ó kàn jókòó síbẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ti fi ohùn òun ba ẹ̀dá yìí jẹ́. Mo lọ kó páálí tó wà nílẹ̀.

Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, ajá náà ti ń gba okùn lọ́wọ́ Màmá, ó ti ń fo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ gbó sí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí èmi bá pe orúkọ náà nínú eré, etí rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jọ̀wọ́ okùn mọ́. Bí Màmá bá pè é, eré parí nìyẹn.

Onílé dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó mú àpò àti wáyà dání. Ajá náà wà láàárín àgbàlá pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ó rí àpò náà, ó gbé okùn, ó sì wọ abẹ́ táńkì lọ. Onílé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Màmá bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, a sọ fún un pé ajá náà ti ń yí padà. Ó ní ó dáa, kí Màmá pè é. Bó bá jáde, tó jẹ́ kí òun fọwọ́ kan án láìgé òun jẹ, òun yóò fi í sílẹ̀.

Màmá la ẹnu. Ẹ̀rù ti bà á jù. Ohùn tó jáde ni ti àtijọ́, ohùn Treichville, ó gbóná, ó sì kún gbogbo àgbàlá: "Ojú-ò-tì-wọ́n!"

Mo rí ojú ajá náà tó wọ inú òkùnkùn lọ. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo pè é, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó mira lábẹ́ táńkì. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà rẹ̀.

Maître ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó gbé e sórí àga. Ó rìn wá sí àárín àgbàlá. Kò bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù, lẹ́bàá ibi tí omi ti ń ṣàn kọjá, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí táńkì, ó sì na ọwọ́ òfìfo sílẹ̀. Ènìyàn wà ní ẹnu gbogbo ìlẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí kò mọ ìtumọ̀ orúkọ náà, àti ẹni tí a fi ń bú.

"Ojú-ò-tì-wọ́n," Maître ní, pẹ̀lú ohùn tí tísà fi ń pe ọmọ tó kẹ́yìn lórí ìlà.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Baoulé wolẹ̀.

"Ojú-ò-tì-wọ́n. Viens. Viens jouer, wá ṣeré."

Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Imú yọ, lẹ́yìn náà orí, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ funfun yẹn. Ajá náà ń wọ́ ikùn nílẹ̀ bọ̀, okùn sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé kókó okùn sí àtẹ́lẹwọ́ Maître. Maître fà á díẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ajá náà dìde, ó gbọn okùn náà, ó fi gbá Maître láyà, ẹrẹ̀ sì ta sí ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ọrùn dé ìgbànú.

Onílé fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ajá náà lórí. Maître ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó jókòó. Onílé wo sòkòtò ara rẹ̀, ó sì lóṣòó. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn ajá náà. Ajá náà gbọ̀n, ó wo Maître, ó sì dúró. Onílé ní ó tó. Ọkùnrin náà ká wáyà rẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀ síbi apá, ó sì jáde láìwo ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá wọlé. Mo rò pé ó lọ sunkún. Ó jáde pẹ̀lú léèsì náà, bó ṣe ká a ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ẹrẹ̀ ti le mọ́ ọn lára. Ó pọn omi sínú abọ́, ó jókòó sójú gbogbo ènìyàn, ó sì fọ̀ ọ́. Ó da omi nù, ó tún fọ̀ ọ́. Nígbà kẹta, omi náà mọ́, ṣùgbọ́n àmì pupa kan kò jáde. Ó fún un, ó nà án, ó sì ń wo òkè, ó ń wá ibi tí yóò sá a sí. Ajá náà sùn sórí okùn.

Maître kó ìwé ìròyìn kúrò lórí àga rẹ̀. Ó fi ìnujú nu àga náà, ó gbé e wá sínú oòrùn, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Màmá. Màmá tẹ́ léèsì náà lé e lórí.

Maître kò ní àga mìíràn. Ó padà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́rẹ̀, ó sì dúró títí léèsì náà fi gbẹ.